Dókítà Tí Wọ́n Yìnbọn Pa àti Ìwé Tí Ó Fi Sílẹ̀

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn kan sínú ìwé tọdún yìí, mo mọ ohun tí ó ń retí. Ó fẹ́ kí n tún kọ nípa bí àwọn bàbá wa ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè ọya níbí, bí wọ́n ṣe ń ta ọjà, bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìpàdé àkọ́kọ́. Mo ti kọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó kà á sì ti sọ fún mi pé ó tó. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn òyìnbó kan ni mo fẹ́ sọ, ará ilẹ̀ Holland, ibi tí aṣọ Hollandis àwọn ìyá wa ti ń wá. Ẹ má ṣe tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ náà yóò délé wa kó tó parí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, n kì í ṣe dókítà. Lẹ́yìn náà mo wọ iṣẹ́ ìjọba, mo sì fi ọdún 33 ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ fáìlì ni iṣẹ́ mi: ẹni tó mú fáìlì, ẹni tó dá a padà, ojú ìwé tó sọnù nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọkùnrin yìí fi wọ̀ mí lára.

Orúkọ rẹ̀ ni Joannes Cassianus Pompe. Ìlú Utrecht ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, yunifásítì ìlú náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ̀ka tí ó yàn kì í ṣe èyí tí òbí máa ń gbàdúrà pé kí ọmọ àwọn yàn. Òun kọ́ ni dókítà tí ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ tàbí tí ń gbẹ̀bí. Dókítà tó ń yẹ òkú wò ni, ẹni tí yóò la òkú láti mọ ohun tó pa á. Láàrin àwa níbí, bí wọ́n bá dárúkọ àyẹ̀wò òkú, ariwo ni ẹbí máa ń pa, wọ́n á ní kí wọ́n gbé òkú àwọn fún àwọn láti lọ sin ín. Èmi náà ti wà lára àwọn tó pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1930, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń jẹ ìyókù ọdún Kérésìmesì, òkú ọmọdébìnrin kan, ọmọ oṣù méje, dé iwájú Pompe ní ìlú Amsterdam. Òtútù àyà ni wọ́n gbà pé ó pa ọmọ náà. Òtútù àyà kì í ṣe ohun àjèjì nínú òtútù oṣù kejìlá wọn. Ẹlòmíràn ì bá buwọ́ lu ìwé náà kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Pompe la àyà ọmọ náà, ó sì rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi kọjá ọkàn ọmọ oṣù méje. Ó gé díẹ̀ lára iṣan ọkàn náà, ó fi í sábẹ́ maikirosíkóòpù. Iṣan tó yẹ kí ó dì pọ̀ bí okùn tí a lọ́, ńṣe ló dà bí àwọ̀n apẹja, ihò ló kún inú rẹ̀. Inú ihò wọ̀nyẹn, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn ẹ̀yà ara mìíràn, ó bá nǹkan yìí kan náà níbẹ̀.

Kí ni nǹkan náà? Bí a bá jẹ àmàlà tàbí ẹ̀bà, ara a sọ ọ́ di ṣúgà. Èyí tí kò bá lò lójú ẹsẹ̀, yóò so ó pọ̀ yóò tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Ṣúgà inú àká yìí ni àwọn dókítà ń pè ní glycogen. Nígbà tí a bá ń sáré tàbí tí ebi bá ń pa wá, ara a ṣí àká, a mú díẹ̀ jáde. Ohun tí Pompe rí nínú ọmọ yìí ni àká tó kún títí tó fi ń fa ilé ya.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1932, ó gbé e jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ilẹ̀ Holland, ní èdè wọn. Kò gùn, kò tó ojú ìwé mẹ́wàá. Àkọlé rẹ̀ kò sì ní ariwo kankan nínú: nípa ọkàn tó tóbi láìsí ìdí tí a mọ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn méjì mìíràn, Putschar àti Bischoff, tẹ ìwé tiwọn jáde nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òun nìkan kọ́ ló rí i. Àmọ́ Pompe kò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1933 ó kọ ọ́ ní èdè Faransé kí àwọn tí kò gbọ́ èdè Holland lè kà á. Ní ọdún 1936, ó fi gba oyè dókítà ní Yunifásítì Amsterdam, ó sì fún àpilẹ̀kọ náà ní orúkọ Látìn, Cardiomegalia glycogenica, ìyẹn ni pé ọkàn tóbi nítorí glycogen. Ẹ kíyè sí i: ní ọdún 1932 ó ní òun kò mọ ìdí rẹ̀, ní ọdún 1936 ìdí ti wọ inú orúkọ. Ojú tèmi, bí ó ṣe tún padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta yìí ló mú kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà títí dòní.

Ní ọdún 1939 ó di dókítà àyẹ̀wò òkú ní ilé ìwòsàn Onze Lieve Vrouwe Gasthuis ní Amsterdam, ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sọrí Màríà Wúńdíá. Lẹ́yìn náà ogun dé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1940, Jámánì wọ Holland, láàrin ọjọ́ márùn-ún wọ́n ti gba ilẹ̀ náà. Àwọn Júù tí wọ́n kó lọ láti Holland tí wọn kò padà wálé mọ́ lé ní 100,000. Pompe wà lára àwọn tó ń bá àwọn agbóguntì náà jà ní bòókẹ́lẹ́, ó bá wọn wá ibi tí àwọn Júù lè sá pamọ́ sí. Nígbà tó yá, ó gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ìlú àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ sí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1945, àwọn ará Jámánì rí ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú dókítà náà.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1945, wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n 19 mìíràn lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Sint Pancras, wọ́n sì yìnbọn pa gbogbo wọn. Kì í ṣe nítorí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe. Àwọn kan fọ́ afárá ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, Jámánì sì fẹ́ gba ẹ̀san, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n rí pa. Ọjọ́ ogún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, Holland gba òmìnira. Ẹni ọdún 43 ni Pompe nígbà tó kú.

Ìwé rẹ̀ kò kú. Níbi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Gerty Cori, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1947, òun àti ọkọ rẹ̀, ń to àwọn àrùn tí glycogen ń fà sí ipele. Lọ́dún 1954, ó fi àrùn Pompe sí ipele kejì. Síbẹ̀ kò rí ohun tó ń fà á. Gbogbo ẹ́ńsáìmù tí wọ́n mọ̀ nígbà náà pé ó ń fọ́ glycogen, wọ́n pé nínú ara àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹni pé o ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo wọn dáhùn pé àwọn wà níbi iṣẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kò lọ. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ irú rẹ̀ dáadáa.

Ìdáhùn wá láti ìlú Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọdún 1955, Christian de Duve sọ fún ayé pé inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àpò kéékèèké kan wà tí ó ń fọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì kò lò mọ́. Ó pè é ní lysosome. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1974. Ẹ ronú ilé kan tó ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, tí òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń fọ́ ìgò, tó ń sun ìwé, tó ń dá èyí tó wúlò padà sínú ilé. Bí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá wá, àwọn ará ilé kò ní mọ̀ lọ́jọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Títí ìdọ̀tí yóò fi kún yàrá náà, tí yóò ti ilẹ̀kùn ṣí, tí yóò sì wọ pálọ̀. Àwa tí a ń gbé àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé, a kò nílò àlàyé jù báyìí lọ.

Ní ọdún 1963, Henri-Géry Hers, ẹlẹgbẹ́ de Duve ní Leuven, wo ara àwọn ọmọ tí àrùn Pompe pa, ó sì bá òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ náà pàdé, tàbí kí n sọ pé ó bá àga rẹ̀ tó ṣófo. Ẹ́ńsáìmù inú lysosome ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fọ́ glycogen tó bá bọ́ sínú àpò náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí i pé oríṣi àrùn púpọ̀ ló ń bẹ nínú ayé tí ó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ló sọnù nínú àpò yìí. Àrùn Pompe ni àkọ́kọ́ nínú wọn tí a mọ ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 18.

Ẹ̀yin kan ti ń bi ara yín léèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóóró nínú èyí, níwọ̀n bí mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtútù àyà. Ẹ̀dọ̀fóóró kò lè mí fúnra rẹ̀. Iṣan ló ń fà á. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni awọ iṣan gbọọrọ tó pààlà láàrin àyà àti ikùn, tó ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè nígbàkígbà tí a bá mí. Bí glycogen bá ti kún inú iṣan yìí, ẹ̀dọ̀fóóró tó mọ́ tónítóní kò ní rí afẹ́fẹ́ tó gbà. Ọmọ kò ní lè wúkọ́ dáadáa, ohun tó yẹ kí ó wúkọ́ jáde yóò jókòó síbẹ̀, òtútù àyà yóò sì dé. Nítorí náà, ẹni tó kọ òtútù àyà lórí ìwé ọmọdébìnrin Amsterdam yẹn kò parọ́. Ohun tó kẹ́yìn ló kọ, kò mọ ohun tó ṣáájú.

Àwọn àgbàlagbà náà ń ní i. Ní ọdún 1970, Andrew Engel ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tí ẹ́ńsáìmù yìí kan náà kò ṣe déédéé lára wọn. Tiwọn kì í ṣe ti ọkàn. Àwọn ni wọ́n máa ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ ti itan kí wọ́n tó dìde lórí àga. Ní ọdún 1978 òun àti dókítà mìíràn tún kọ nípa àwọn kan tí ó jẹ́ pé mímí ni ó kọ́kọ́ dá wọn dúró. Irú wọn lè máa rìn kiri lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, èémí a di ogun, orí a sì máa fọ́ wọn láàárọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ikọ́ fée ni, yóò ní ọjọ́ orí ni.

Nísinsìnyí, kí n sọ ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí. Àbúrò mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì ti fún mi láyè.

Ní ọdún 1988 ó bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà sanra, ara rẹ̀ dán. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, a rí i pé bí a bá gbé e, bí ẹni gbé aṣọ tútù ni. Orí rẹ̀ kò dúró lọ́rùn. Kì í lè mu ọmú pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́, a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ahọ́n rẹ̀ tóbi díẹ̀, ó máa ń yọ síta, a sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́. Ó kú kí ó tó pé oṣù mẹ́jọ. Lórí káàdì tí ilé ìwòsàn kan fún wa, òtútù àyà ni wọ́n kọ. Ní ọdún 1991 ó tún bí ọkùnrin. A fún un lórúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Ọ̀nà kan náà ló gbà, oṣù mẹ́fà péré ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì kọ sórí káàdì rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí ọkọ ní àbíkú ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì ń wo ìyá àgbàlagbà kan nínú agbo ilé náà ní ìwòkuwò títí ó fi kú, obìnrin tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Nígbà tí wọ́n ní kí a ṣe ètùtù, èmi tí mo gboyè ní yunifásítì ni mo fi owó sílẹ̀. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ilé tí yóò fa ọmọ náà padà wá. A kó aṣọ wọn, a kó ṣáwù, a kó fọ́tò kan ṣoṣo tí a yà nígbà ìsọmọlórúkọ, a kó káàdì ilé ìwòsàn méjèèjì, a dà wọ́n jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo ṣáná sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì, mo sì kọ ìwé ìbéèrè sí ọmọ iṣẹ́ mi kan tó sọ ojú ìwé kan nù nínú fáìlì.

Lẹ́yìn náà Ọlọ́run fún àbúrò mi ní ọmọbìnrin kan, ó yè. Ní ọdún 2016 ọmọ náà fẹ́ lọ́kọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé gbọ́ ìtàn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wá bá mi ní pálọ̀. Ó béèrè: ṣé wọ́n ya àwòrán àyà wọn? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé ọkàn wọn tóbi? Báwo ni ahọ́n wọn ṣe rí? Ó wá ní, “Bàbá, káàdì wọn ńkọ́?” Ó dárúkọ àrùn bíi mẹ́rin tó lè ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀. Pompe wà nínú wọn. N kò sọ pé òun ló pa àwọn ọmọ wa. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́, iná ti jó o. Àmọ́ orúkọ yẹn ni mo gbé sórí, òun ni mo sì ti ń kà nípa rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Ìdí tí ó fi lè ṣe ọmọ méjì nínú ilé kan, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS ti mọ̀ ọ́n ná. Bí ti arunmọléegun ni. Baba lè gbé àṣìṣe náà láì ṣàìsàn, ìyá lè gbé e láì ṣàìsàn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé yóò gba àṣìṣe náà lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ìyá àgbàlagbà kankan nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹnì kan nínú 40,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti ń yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò, ó ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì rò pé àrùn òyìnbó ni. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde nípa àṣìṣe kan nínú jíìnì yìí, tí wọ́n ń pè ní R854X, tó wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ní àrùn Pompe. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì parí èrò sí pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, pé inú ọkọ̀ òwò ẹrú ló bá dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo ka èyí, mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ jókòó síta. Gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, orúkọ, èdè, ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà lára wọn ni kò ṣeé gbà.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn rẹ̀ gùn, n ó gé e kúrú. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti fún aláìsàn ní ẹ́ńsáìmù tó sọnù náà, èyí tí wọ́n fà jáde lára ebu. Kò ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù náà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í dé inú iṣan bó ṣe yẹ. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù tó ń lọ sínú lysosome gbọ́dọ̀ ní àmì kan lára tí ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì yóò fi dá a mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Fáìlì tí kò ní àdírẹ́sì ọ́fíìsì tó ń lọ lára, gbogbo wa mọ ibi tí ó máa ń sùn.

Ní ọdún 2000, àwọn ará Rotterdam, ní Holland kan náà, ròyìn pé àwọn ti fún ọmọ ọwọ́ mẹ́rin ní ẹ́ńsáìmù tí àwọn rí nínú wàrà ehoro tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, wàrà ehoro. Ní ọdún 2001, àwọn ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ròyìn tiwọn lórí ọmọ mẹ́ta. Ní ọdún 2006, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, ọdún 74 lẹ́yìn ìwé Pompe àkọ́kọ́. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé èsì jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà 90. Ohun méjì ni wọ́n wọ̀n: ibi tí ènìyàn lè rìn dé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́fà, àti afẹ́fẹ́ tí ó lè mí jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 78, àwọn tó gba oògùn rìn jìnnà sí i ní nǹkan bíi mítà 28 ju àwọn tó gba omi lásán lọ, mímí wọn sì dúró dáadáa ju tiwọn lọ. Mítà 28 lè má jọ yín lójú. Láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti padà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé ọ̀pọ̀ wa.

Wọn kì í rí ìwòsàn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń fa oògùn náà sí wọn lára títí ayé, owó rẹ̀ fún àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà sì ti tó nǹkan bíi 300,000 dọ́là lọ́dún kan. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Èmi náà rò ó. Ṣùgbọ́n ní Taiwan, láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré, tí wọ́n ń wo ẹ́ńsáìmù náà kí àìsàn tó hàn, àwọn ọmọ tí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ń dìde, wọ́n ń rìn. Ní ọdún 2022, àwọn dókítà ròyìn ọmọ kan ní Kánádà tí wọ́n ti ń fún ní oògùn látinú oyún, nítorí pé àrùn náà ti pa àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣáájú. Bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe mọ̀ pé kí wọ́n tètè wá a ni pé wọ́n ti mọ orúkọ ohun tó pa àwọn tó ṣáájú.

Nígbà tí mo ka ìyẹn fún àbúrò mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú ìwé eléwé kan àti bírò wá. Ó ní òun rántí. Ó sọ ọjọ́ tí òun bí èyí àkọ́kọ́, wákàtí tí òun bí i, bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí, oṣù tí ọmú mímu di ìṣòro, ariwo tí àyà rẹ̀ ń pa lóru, àwọ̀ ètè rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ó sọ ti ìkejì. Ó dárúkọ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n, n kò gbọ́ nípa méjì nínú wọn rí. Mo ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, n kò fi ohunkóhun kún un. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, nínú fáìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí rẹ̀.